Kànga Keje, Oṣù Kejì

Àgádágodo ti dì pa. Kọ́kọ́rọ́ kò wọlé.
Mo fẹnu fẹ́ ẹ títí èémí fi di kùrukùru lójú mi,
lẹ́yìn náà mo da tíì inú fláàsì sí i lórí,
tíì tí mo fi pamọ́ fún ọ̀sán.
(Kí ọ̀gá mi má gbọ́.)
Ó ṣí. Ìdérí irin ké bí ẹni tí a jí lójú oorun.

Kànga yìí kì í ṣe èyí tí à ń pọn mu.
Páìpù funfun kan ni, kò nípọn ju ọrùn ọwọ́ ọmọdé lọ,
tí wọ́n gún wọ ilẹ̀ bí abẹ́rẹ́,
ká lè máa bi ilẹ̀ léèrè pé, ara ńkọ́?
Mẹ́tàlá ni wọ́n láàárín igi páìnì,
níbi tí bàálù ológun ti ń sáré kó tó fò
nígbà tí ìyá mi ṣì jẹ́ ọmọge.

Mo sọ okùn sílẹ̀. Okùn mi létí ju ajá lọ.
Tó bá kan omi, á máa ké pí, pí, pí,
bí òròmọdìẹ tí òtútù mú.
Tó bá kan epo, igbe kan ṣoṣo ni, gbọọrọ, kò ní mí.
Kànga kìíní: pí, pí, pí. Mo kọ ọ́ sílẹ̀.
Kànga kẹrin: pí, pí, pí.
Ní keje ó figbe ta,
mo rọra ń sọ ọ́ sísàlẹ̀, sísàlẹ̀,
títí mo fi gbọ́ ibi tí epo parí sí.
Mìlímítà mọ́kànlá.
Nígbà tí ewé ń wọ́, mẹ́rìnlá ni.
Ta ni yóò bá mi yọ̀ sí mìlímítà mẹ́ta?

Heldur ń bọ̀ láti ilé aláwọ̀ ewé tó wà létí igbó,
fìlà onírun lórí, ọwọ́ méjèèjì lẹ́yìn.
Kò kí mi. “Virve, mélòó?”
Mo ní mọ́kànlá. Ó ní hẹ̀n-ẹ́n.
Ó ní nígbà tí òun ń bẹ lọ́mọdé,
àwọn a máa ju ìṣáná sínú kànga ilé
láti wo bí omi ṣe ń jó.
Iná náà búlúù, ó ní, ó rẹwà,
ìyá àwọn ń pariwo, àwọn ń rẹ́rìn-ín.
Tí òtútù bá dé, bàbá òun á pọn ún ní garawa,
á fi yáná.
Kànga wa fún wa níná, ó ní, kò fún wa lómi.

Àwọn àgbà ní ẹni tó da omi síwájú ni yóò tẹ ilẹ̀ tútù.
Àwọn tó da epo síwájú ti kẹ́rù lọ,
wọn ò tilẹ̀ ti ilẹ̀kùn.
Àwa tí a kò da nǹkan kan
nilẹ̀ ń yọ̀ lẹ́sẹ̀.

Mo gba omi sínú ìgò kékeré, mo dé e,
mo dojú rẹ̀ délẹ̀, mo fìka ta á.
Bí ìfófòó kan bá yọ, bí ojú èèrà péré,
mo gbọ́dọ̀ mú ìgò mìíràn.
Omi náà mọ́ gaara. Ojú ò lè mú un lọ́daràn.
Imú ni ó mọ̀: ó ń rùn bí ọwọ́ mẹkáníìkì.

Mo sọ fún Heldur pé àwọn kòkòrò kan wà nísàlẹ̀
tí ojú kò rí, epo ni oúnjẹ wọn.
Wọ́n ń jẹun nínú òkùnkùn, wọn ò kánjú.
Ó ní, “Ìgbà wo ni n óò mu ún?”
Mo ní kì í ṣe lọ́dún yìí.
Ó ní ohun tí mo sọ léṣìí náà nìyẹn.
A dákẹ́. Yìnyín ń já bọ́ lórí ẹ̀ka.

Ó wá mú ike yúgọ́ọ̀tì kan jáde lápò,
ó bẹ̀rẹ̀, eékún rẹ̀ ń dún,
ó fi dé àgádágodo náà, ó fi wáyà so ó.
“Nígbà tó o bá tún dé,” ó ní,
“wàá lè mu tíì rẹ.”