Wáyà Kẹta

Abẹ́ ibùsùn ni mo ti fà á jáde, nílé wa l'Ókè-Àdó.
Aṣọ tábìlì tí kòkòrò ti jẹ létí ni wọ́n fi wé e,
ẹ̀rọ rẹ́kọ́ọ̀dù tí bàbá mi rà
lọ́dún tí wọ́n bí ẹ̀gbọ́n mi Mopélọ́lá.
Eruku rẹ̀ mú mi sín lẹ́ẹ̀mẹta.
Ìyá mi gbóhùn sókè láti yàrá: "Ta ló ń wá wàhálà?"
N kò dáhùn.

Bẹ́líìtì rẹ̀ ti yọ́ bí ṣingọ́ọ̀mù inú oòrùn.
Mo gbé e lọ sí Ògùnpa, sọ́dọ̀ Mùfútáù tó ń tún rédíò ṣe.
Ó wò ó, ó rẹ́rìn-ín,
ó fa òmíràn yọ nínú agolo mílíìkì,
ó ní ti ẹ̀rọ mìíràn ni, àmọ́ á bá a mu.
Ó bá a mu lóòótọ́. Ó kàn ń fún un lọ́rùn díẹ̀,
bí ṣẹ́ẹ̀tì ọmọ tó ń dàgbà.

"Ṣé tábìlì yín dọ́gba?"
Mo ní ó dọ́gba. Irọ́ ni.
Ilẹ̀ pálọ̀ wa rọra da gẹ̀rẹ́ síhà ilé ìdáná,
Ìbàdàn kúkú nìyẹn, kò síbi tí kì í wo ìsàlẹ̀.
Mo bu omi sínú àwo pẹrẹsẹ, mo gbé e lé tábìlì,
mo ń wo ibi tómi ń rọ́ sí,
mo ń ki páálí bisikíìtì bọ abẹ́ ẹsẹ̀ kan,
ìṣẹ́po kan, ìṣẹ́po méjì, ìṣẹ́po mẹ́ta àti díẹ̀,
títí omi fi gbàgbé pé òun lè sàn.

Ó ku apá abẹ́rẹ́.
Irin roboto kan wà nídìí rẹ̀ tí a ń yí:
bó bá fúyẹ́ jù, á máa fò bí tata,
bó bá wúwo jù, á máa họ àwo bí ẹni ń họ ìdí ìkòkò.
Mo yí i títí apá náà fi léfòó,
kò ròkè, kò wálẹ̀,
bí ọwọ́ ẹni tó fẹ́ juwọ́ síni, tí kò dá a lójú pé òun mọni.

Wáyà pupa sínú ihò pupa. Funfun sínú funfun.
Ọmọdé lè ṣe é.
Mo tan iná.
Hùùùùùn.
Mo tú u, mo tún un so. Hùùùùùn.
Mo fọwọ́ kan irin rẹ̀, ó dákẹ́.
Mo gbọ́wọ́ kúrò, ó tún bẹ̀rẹ̀.
Àbí èmi fúnra mi ni n óò máa jókòó tì í kórin tó lè jáde?

"Wáyà dúdú ńkọ́?"
Ìyá mi ti dúró lẹ́nu ọ̀nà, gèlè lọ́wọ́.
"Tín-ín-rín kan wà lẹ́yìn rẹ̀. Ara ampilifáyà ni bàbá yín máa ń dè é mọ́."
Ó wà níbẹ̀ lóòótọ́, ó ká jọ.
Kò gbé orin, kò gbé ohùn.
Iṣẹ́ tirẹ̀ ni kó gbé ariwo lọ síbi tí ariwo ń lọ.
Mo dè é. Ilé parọ́rọ́.
Mo wo ìyá mi. Ọdún mọ́kàndínlógójì nínú ilé yìí.
N kò sọ ohun tí mo rò.

Àwo kan ṣoṣo ló kù, ikán ti jẹ páálí rẹ̀,
obìnrin kan ń kọrin tí n kò mọ orúkọ rẹ̀.
Kò pẹ́, abẹ́rẹ́ kọsẹ̀:
wá — wá — wá — wá —
Mo nawọ́ mú kọ́bọ̀ láti gbé e lé e lórí.
Ìyá mi dì mí lọ́wọ́ mú.
"Fi í sílẹ̀. Ibẹ̀ ni bàbá yín ti máa ń pè mí ní ilé ìdáná.
Bí mo bá dé, á ní òun kọ́, àwo ni."
Ó jókòó.
wá — wá —
"Mo ti dé," ni ìyá mi wí.

Ìgbà náà ni wọ́n mú iná lọ.
Àwo kò dúró lójú ẹsẹ̀.
Ó ń falẹ̀, ohùn obìnrin náà ń wọlẹ̀,
ó ń nípọn, ó ń di ohùn ọkùnrin,
wáá —— wááá ———
títí tó fi ku abẹ́rẹ́ nìkan tó ń sọ̀rọ̀ kẹ́lẹ́kẹ́lẹ́ nínú òkùnkùn.
Jẹnẹrétọ̀ ilé kejì bú.
Ìyá mi kò dìde.
Ó ní: "Ìkẹyìn yẹn ló jọ ọ́ jù."