Ta Ló Hàn Sí?

Aago mẹ́jọ òwúrọ̀ ọjọ́ Ajé, nínú ẹ̀ẹ̀rùn,
eruku ọ̀nà Agbowó ti bà sórí tábìlì mi,
iná ti lọ.
Irínwó akẹ́kọ̀ọ́ ó dín díẹ̀
nínú yàrá tí wọ́n kọ́ fún igba;
àwọn tí kò ríbi jókòó rọ̀ mọ́ fèrèsé
bí aṣọ tí a sá.

Olùkọ́ tó kọ́ èmi gan-an, kí Ọlọ́run fọ̀run kẹ́ ẹ,
ẹ̀yìn rẹ̀ ni mo mọ̀ ju ojú rẹ̀ lọ.
Á kọ ìlà kan, á fo méjì,
á fi ṣọ́ọ̀kì gún pátákó, tó!
"Ó hàn gbangba."
Á sì ti pa á rẹ́ kí bírò mi tó kan ìwé.
Ọdún mẹ́ta ni mo fi bẹ̀rù ọ̀rọ̀ yẹn.
Mo rò pé èmi nìkan ni mo fọ́jú nínú kíláàsì.
Lálẹ́, màá gbé àtùpà,
màá máa wá ohun tó hàn náà kiri.

Ìdí nìyí tí mo fi ṣòfin fún ara mi:
ẹni tó bá gbọ́ "ó hàn" lẹ́nu mi, kó bi mí,
"Ta ló hàn sí?"

Olúgbódi ló kọ́kọ́ bi mí.
Ọmọ Ìgbẹ́tì, ìka mẹ́fà-mẹ́fà lọ́wọ́ méjèèjì,
tó máa ń fọwọ́ pamọ́ sábẹ́ bẹ́ǹṣì.
Lọ́jọ́ kan ó ń fi ìka ṣírò, ẹnìkan rí i, ó bú sẹ́rìn-ín,
ẹ̀rín náà sì ràn bí iná inú pápá.
N kò jágbe.
Mo ní, "Olúgbódi, máa bọ̀ níwájú. Bí o bá fẹ́ ni o."
Ó pẹ́ kó tó dìde.
Mo ní, ká ní bí tirẹ̀ ni wọ́n ṣe dá gbogbo wa,
tí a kọ ọ̀kan, tí a kọ òdo tẹ̀ lé e,
mélòó ni?
"Méjìlá," ohùn rẹ̀ kò ju ti ẹ̀fọn lọ.
Ṣọ́ọ̀kì ń kọjá látọwọ́ dọ́wọ́.
Àwa oníka mẹ́wàá là ń ṣì í kà,
òun ló ń tún un ṣe,
tó na ọwọ́ méjèèjì sókè
kí àwọn ara ojú fèrèsé lè rí i.

Mudaṣiru, tó kọ́ṣẹ́ mẹkáníìkì ní Òkè-Àdó kó tó wọlé,
ló wá ní, "Mà, ẹ wo mẹ́rìndínlógún.
Ẹnu wa ti dé ogún ná, ó wá fi mẹ́rin padà sẹ́yìn.
Ṣé kì í ṣe ohun tí ẹ ń kọ́ wa láti àná nìyí?"
Mo jókòó. N kò rò ó bẹ́ẹ̀ rí.

Etí òsì Rìsíkátù kò gbọ́ràn;
òun ló jẹ́ kí n yé bá pátákó sọ̀rọ̀.

Àmọ́ kí n má parọ́.
Orí mẹ́ta ìwé ni mo fi rẹ̀yìn.
Dókítà Ọlátẹ́jú ní mo ń bọ́ àgbà lọ́mọ-ọwọ́.
Ọmọkùnrin kan tó máa ń jókòó nítòsí ilẹ̀kùn kò wá mọ́;
mo wá a dé ilé tó ń gbé ní Sángo,
wọ́n ní ó ti kó ẹrù rẹ̀ lọ.
N kò tilẹ̀ mọ orúkọ àbísọ rẹ̀.

Òjò àkọ́rọ̀ ń lu páànù lálẹ́ yìí,
mo ń máàkì ìdánwò.
Ìwé kan rèé: "Ó hàn gbangba pé..."
ó ti fi ìlà pa á.
Nísàlẹ̀: "Rárá. Ẹ jẹ́ kí n ṣàlàyé."
Ó ṣàlàyé títí ó fi kún ojú ewé.
Ìlà kẹta ṣìnà.
Mo gbé bírò pupa, mo gbé e sílẹ̀,
mo mú pẹ́ńsù, mo kọ ọ́ sẹ́gbẹ̀ẹ́ ibẹ̀:
ibí yìí kò tíì hàn sí mi.
Máa sọ ọ́ lọ.