Ìbéèrè Kan Náà Lẹ́ẹ̀mejì

Inú yàrá tí ẹ̀rọ amúlétutù ti ń kùn ni wọ́n ti kọ́ wa:
ká má rẹ́rìn-ín jù, ká má sì fajú ro,
ká ka ìbéèrè bó ṣe wà lórí ìwé,
ká má fi omijé tiwa bomi rin ìdáhùn onídàáhùn.

Mo gbé ìwé mi sáyà, mo gba etí ọ̀sà lọ ní Ẹ̀pẹ́,
mo bá Bàbá Mùsẹ́díìkù akánkọ̀ lórí àpótí,
níwájú ọkọ̀ tó ní ìhà kan, tí kò ní ìkejì.

"Láàárín ọ̀sẹ̀ méjì sẹ́yìn, òru mélòó lẹ kò rí oorun sùn?"
"Oorun wo? Ti ojú ni, àbí ti ara?
Ojú mi ń pa dé. Ara ni kò gbà."
Àpótí mẹ́rin ló wà lórí ìwé mi:
rárá, ọjọ́ díẹ̀, ọjọ́ púpọ̀, ojoojúmọ́.
Kò sí èyí tó ń jẹ́ ojú-pa-dé-ara-kọ̀.
Mo fàmì sí ojoojúmọ́.

"Ṣé iṣẹ́ tí ẹ fẹ́ràn tẹ́lẹ̀ ti sú yín?"
Ó nawọ́ sí pákó kan tó ti fá, tó fá, tó fá,
tó fi fẹ́lẹ́ bí ìwé ọwọ́ mi.
"Láti ọjọ́ tí a ti sin Wúlèmọ́tù
pákó yìí náà ni mò ń fá láràárọ̀.
Òun ló máa ń sọ pé: ó tó, kàn án."

Ọ̀gá wa ní ká pè é ní ìrẹ̀wẹ̀sì.
Bàbá ní: "Omi ló fà, ọmọ mi.
Ọkọ̀ ò fọ́, ọkọ̀ ò jò,
kò ṣáà lè lọ."

Mo ro ó pọ̀: mẹ́tàdínlógún.
Mo fún un ní nọ́ńbà nọ́ọ̀sì ilé ìwòsàn ìjọba,
mo dìde. Mi ò rẹ́rìn-ín jù. Mi ò fajú ro.
Lẹ́yìn ọ̀kadà tó ń gbé mi lọ sílé
mo bi ara mi ní ìbéèrè kìn-ín-ní,
mo sì dáhùn "rárá" kí n tó kà á tán.

Ọjọ́ kẹrìnlá, mo padà. Òfin iṣẹ́ ni:
a ó tún bi ẹni kan náà ní ìbéèrè kan náà
ká lè mọ̀ bóyá ìwé wa kì í purọ́.
"Ṣé o ò gbà mí gbọ́ níjọ́sí ni?"
"Mo gbà yín gbọ́, Bàbá. Ìwé la fẹ́ dán wò."
"Ìwé? Sọ ọ́ sómi, kó o wò ó bó bá máa léfòó."
Ó rẹ́rìn-ín. Eyín méjì ló kù lókè,
ẹ̀rín náà ò mọ̀.

Oorun ńkọ́? "Ọjọ́ díẹ̀."
Iṣẹ́ ńkọ́? Ó fi òòlù tọ́ka:
ìhà kejì ọkọ̀ ti dìde,
òwú ti wọ àlàfo pákó lọ́kọ̀ọ̀kan.
Ìbéèrè kẹfà? Ó dákẹ́. Ó ní ká fò ó.

"Kí ló yí padà?"
Èyí ò sí lórí ìwé. Ẹnu mi ló já.
"Wọ́n ní kí n mú sùúrù. Wọ́n ní ọ̀nà gbogbo wa ni.
Wọ́n ṣe àdúrà ogójì, Ọlọ́run á gbà á.
Kò sẹ́ni tó bi mí pé òru mélòó.
Lálẹ́ ọjọ́ tó o lọ, mo bẹ̀rẹ̀ sí í kà á.
Ibi tí mo kà á dé loorun ti gbé mi."

Mo ro ó pọ̀: mẹ́jọ.
Ní ọ́fíìsì, ọ̀gá fi bírò pupa yí mẹ́jọ ká:
"Ìdáhùn àkọ́kọ́ àti ìkejì ò dọ́gba. Yọ ọ́ kúrò."

Mo yọ ọ́.
Ìwé méjèèjì wà lábẹ́ ìrọ̀rí mi.
Lálẹ́ àná wọ́n múná lọ, mo tan tọ́ọ̀ṣì,
mo tún ka ìbéèrè kìn-ín-ní sí ara mi létí.
Mo kà á tán lọ́tẹ̀ yìí.