Ẹnu Mẹ́ta

Mo kọ́lé sí Táńkè, mo dojú géètì kọ títì,
pé kí ayé rí i. Ayé rí i.
Láràárọ̀ ni mo ń fi ìdí ọkọ̀ wọ ọ̀nà
bí ẹni ń fi ẹ̀yìn wọ yàrá àna rẹ̀.
Ọlọ́kadà á tẹ bíréèkì, á kí ìyá mi,
ìyá mi tó ti sùn sí Ìdọ̀fíàn láti ọdún mẹ́sàn-án.

Wọ́n ní ọ̀nà kan ò wọ ọjà.
Ṣùgbọ́n géètì tèmi, ti Sálímánù, ti oníbúlọ́ọ̀kù,
ẹnu mẹ́ta, gbogbo wọn ń bi ọkọ̀ sójú títì kan.

Lọ́jọ́ tí bọ́ọ̀sì ilé-ìwé fi imú kan iná ẹ̀yìn mi,
tí ọmọ méjìlá figbe ta lẹ́ẹ̀kan náà,
oúnjẹ alẹ́ ò gba ọ̀nà ọ̀fun mi.
Mo lọ kanlẹ̀kùn Sálímánù.
A wó ògiri àárín wa, a mọ géètì méjèèjì pa,
a la ẹnu kan sí àdúgbò ẹ̀yìn,
níbi tí ewúrẹ́ nìkan ti ń sáré.

Oníbúlọ́ọ̀kù ní òun ṣì ń rò ó.
Ó wá ku ọ̀rọ̀ kọ́kọ́rọ́:
Sálímánù ní òun ló ń tètè jí.
Mo ní, ta ló ń ṣí i fún ọ lóru?