Òṣùmàrè Inú Garawa

Ọdún mẹ́ta ni mo fi ń da ọ́ìlì dúdú sí gọ́tà
lẹ́yìn ṣọ́ọ̀bù mi ní Kubwa.
Òjò á gbé e lọ. Mo rò pé ó tán.

Láàárọ̀ Sátidé, Azumi gòkè láti ìsàlẹ̀ odò Usuma,
garawa léjìká, bíi ti àwọn ìyá Gbagyi.
Kò bú mi.
Ó sọ ọ́ kalẹ̀: “Mẹkáníìkì, wò ó.”

Òṣùmàrè ń yí lójú omi,
ó rẹwà, ó ń rùn.
“Bù ú mu.”
Ọwọ́ mi kọ̀.

Kẹ́ẹ̀gì méjì ló wà lẹ́nu ọ̀nà mi báyìí,
ọ́ìlì kún wọn dẹ́nu.
Mi ò tíì mọ ẹni tí yóò gbà á.
Ṣùgbọ́n bí òjò bá ṣú,
ìsàlẹ̀ odò ni mò ń wò,
kì í ṣe òkè.