Àtẹ̀gùn Mẹ́ta ní Pópó Àgùdà

Ẹ̀gbọ́n Ṣíjúwọlá ló fi fọ́tò ránṣẹ́ láti Lísíbọ́nù:
òun rèé lẹ́bàá ògiri kan tó ti hu ewéko,
ó ní òun sanwó kí wọ́n tó jẹ́ kí òun wò ó.
A rẹ́rìn-ín títí lórí bọ́ńkì mi l'Ákọkà.
Ògiri!
Àfi Fìlómínà tó dákẹ́.
Ó ní, "Ìyá ìyá mi nílé l'Ékòó.
Mi ò débẹ̀ rí."

Èkó tó wí, ìkọjá afárá ni.
Àwa tí a ń gbé Yábàá àti Sùúrùlérè,
bí a bá fẹ́ débẹ̀, a ó ní à ń lọ s'Ékòó,
bí ẹni pé ìlú mìíràn ni ibi tí a ti jí.

Àbámẹ́ta, aago méje kò tíì lù,
a sọ̀ kalẹ̀ n'Íddó, a fẹsẹ̀ gun afárá Kátà,
Músílíù gbé búrẹ́dì sábíyá bí ìwé àṣẹ.
Lábẹ́ wa, ọ̀sà dúdú bí omi aró,
ọkọ̀ kan ń lọ, ẹni tó ń tù ú kò wòkè.

Àpò lẹ́tà àtijọ́ ni máàpù wa:
nọ́ńbà kẹrìnlá, táàdáwà orúkọ òpópó ti ṣí.
A bi ẹni tí ń ta bátìrì, ó ní ẹ máa lọ tààrà.
A bi ẹni tí ń gẹrun, ó ní ẹ padà sẹ́yìn.
A kọjá ṣọ́ọ̀ṣì Kátólíìkì ńlá, a tún kọjá rẹ̀,
Músílíù ní bó bá di ẹlẹ́ẹ̀kẹta, òun á ṣèrìbọmi.

Mo rí ohun tí olùkọ́ wa kò yà sójú pátákó:
òdòdó sìmẹ́ǹtì lórí fèrèsé,
ewé rẹ̀ jọ ohun tí ìrì ṣẹ̀ṣẹ̀ sẹ̀ sí;
lábẹ́ rẹ̀, jẹnẹrétọ̀ ń húkọ́.
Wọ́n fi ọ̀dà pupa ya àgbélébùú sára ilé kejì.
Kì í ṣe ti Jésù. Ti awólé ni.

Nọ́ńbà kejìlá wà.
Nọ́ńbà kẹrìndínlógún wà.
Láàárín wọn, àlàfo bí ibi tí eyín ti yọ,
àti àtẹ̀gùn mẹ́ta.
Ilé ti lọ, ìlẹ̀kùn ti lọ;
atẹ́gùn nìkan ló kù tí ń gun àtẹ̀gùn.

Ọmọkùnrin kan to ike fóònù sórí èkejì.
Ó ní, "Ta lẹ ń wá?"
Fìlómínà ní, "Ìyá Bẹnẹdítà,"
bí ẹni pé wọ́n lè pè é jáde.

Àgbà obìnrin kan yọrí lójú fèrèsé kejìlá.
"Yí ojú sẹ́gbẹ̀ẹ́ kan."
Ó yí i.
"Imú yìí! Imú Bẹnẹdítà nìyí!
Ibo lẹ gbé e lọ látọjọ́ yìí?"
Ó wọlé, ó pẹ́, a gbọ́ tí àwo ń ró gbàràgàdà,
ó gbé ìkòkò irin kan jáde, etí rẹ̀ kan ti kán.
"Fùréjọ̀n Ọjọ́ Ẹtì Rere ni mo fi sè, mo yá a ni.
Kí n tó dá a padà, olóhun ti kú,
kí n tó béèrè ọmọ, ilé ti wó.
Gbèsè kì í jẹrà. Gbà."

Lórí afárá, gbogbo wa la pín in gbé.
Ṣíjúwọlá fi fọ́tò àtẹ̀gùn ránṣẹ́ sí Lísíbọ́nù,
ẹ̀gbọ́n ní, "Èló lẹ san?"
Kò sẹ́ni tó dá a lóhùn.

Lọ́jọ́ Àìkú, a se ẹ̀wà àti àgbọn
lórí iná tí wọ́n kà léèwọ̀ fún wa.
Òórùn rẹ̀ sọ̀ kalẹ̀ dé ọ̀dọ̀ pọ́tà,
ó kanlẹ̀kùn, ó jókòó, ó ní kí a bu tòun.
Ìsàlẹ̀ rẹ̀ jóná díẹ̀.
Fìlómínà ló họ ọ́,
ó họ ọ́ títí ṣíbí fi ń kan irin.