Tìmùtìmù Màmá

Lẹ́yìn ọgbà ilé-iṣẹ́ fóòmù ní Odógunyàn,
ajẹ́kù ọ̀bẹ ẹ̀rọ ga ju òkìtì ọ̀gán lọ:
funfun, àwọ̀ ẹyin, àwọ̀ aró tó ti ṣá.
Ọdún mọ́kànlá ni mo fi gé e.
Ó fúyẹ́, ọmọdé lè rù ú,
ṣùgbọ́n ilẹ̀ kọ̀ ọ́, kò jẹ ẹ́.
Ọyẹ́ á gbé e wọ gọ́tà,
òjò á dé, gọ́tà á bì í sójúlé wa.
Lálẹ́ ọjọ́ kan àwọn kan sun ún ní gbangba.
Èéfín náà korò lọ́nà ọ̀fun.
Adìẹ Ìyá Sàídì mẹ́ta ò jí.

Múínátù, ọmọ ẹ̀gbọ́n mi, ti ilé-ìwé dé,
ó ní, “Bọ̀dá, ẹ má sun ún. Ẹ sè é.”
Mo rẹ́rìn-ín. Ta ní ń se tìmùtìmù?
Ó rẹ ẹ́ sínú omi eérú èèpo kòkó
bí ẹni fẹ́ ṣe ọṣẹ dúdú,
ó sá a gbẹ, ó kì í sínú dùrọ́ọ̀mù,
ó fi amọ̀ dí etí ìdérí pinpin,
páìpù kan ń dá èéfín padà sẹ́nu iná.
“Iná tó bá rí atẹ́gùn á jẹ ẹ́ tán;
èyí tí kò rí i á ṣẹ́ egungun kù fún wa.”

Ìgbà kìíní, eérú.
Ìgbà kejì, ohun kan tó ń lẹ̀ bí ọ̀dà.
Nígbà kẹta, gáàdì ti ti géètì ọgbà mọ́ wa,
ojú Múínátù sì lọ sí yàrá Màmá.

Láti ìgbà àdúrà ogójì ọjọ́
ló ti fara ti ògiri níbẹ̀.
Èmi ni mo gbé e wálé, etí rẹ̀ kan wọ́,
ni wọ́n ṣe tà á fún mi ní ẹ̀dínwó.
Kòtò ìhà rẹ̀ ṣì wà lára rẹ̀, lápá òsì.
Mo ní rárá.
Ọjọ́ méjì kọjá.
Mo gé e fúnra mi, ọ̀bẹ ibi iṣẹ́ ni mo lò.

Ohun tó jáde dúdú, ó fúyẹ́ bí afárá tí oyin ti fi sílẹ̀.
Múínátù ní bí a bá tú ihò inú ẹ̀kúnwọ́ kan tẹ́ sílẹ̀,
yóò bo pápá bọ́ọ̀lù.
N ò bá a jiyàn.
Inú yàrá kan ni Màmá ti tọ́ wa, àwa mẹ́sàn-án.

A tò ó sínú garawa, yanrìn lókè, òkúta nísàlẹ̀.
Omi kànga wa, tó máa ń pọ́n bí irin tó dógùn-ún,
wọlé, ó pẹ́ níbẹ̀,
ó wá ń kán, tó, tó, tó.
“Ẹ má tíì mu ún o.” Ó bu ìgò kan lọ fún àyẹ̀wò.
Mo bu ìyókù, mo fi fọ ìborùn funfun
tí Màmá fi ń kírun, tí omi yìí kan náà
ti ń bà jẹ́ fún un lójoojúmọ́ ayé rẹ̀.
Mo sá a sórí okùn. Mo jókòó tì í.

Lẹ́yìn ọgbà, ọkọ̀ tún ti dé,
wọ́n tún ń da fóòmù sílẹ̀.